Ìwé tí mo tà ní ₦4,000, tí mo fi ọdún méje wá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí ẹni tó bá máa bú mi tètè bú mi, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2011, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo kó ìwé wọn tà.

Àpò ìrẹsì méjì ló kún. Ọkùnrin kan tó ń ra ìwé àtijọ́ ló wá láti Èkó. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkọ̀lé, ó ń ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà sí mi lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn ṣìnkìn. Fóònù tuntun ni mo fẹ́ rà, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò pé, mo ní Ọlọ́run ló rán ọkùnrin yìí sí mi.

Ìwé kan wà nínú àpò kejì. Fọ́tò ló kún inú rẹ̀, dúdú àti funfun: àwọn ọkùnrin tó jókòó ti igi, tí wọ́n gbé àáké sókè, ìlẹ̀kùn ààfin, òpó ilé tí wọ́n gbẹ́ obìnrin aboyún àti ẹlẹ́ṣin sí, egúngún Ẹ̀pà tó ga bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Tiṣà ni bàbá mi. Tí iná bá lọ lálẹ́, tí wọ́n sì ti tan àtùpà, wọ́n á gbé ìwé yẹn lé orúnkún, wọ́n á pè mí. "Wá wò ó. Ọ̀yẹ́ nìyí o. Ọ̀yẹ́ wa níbí yìí ló wà nínú ìwé Òyìnbó." Bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn tèmi. Mo máa ń ní "Ẹn, bàámi, mo ti rí i," ẹsẹ̀ mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo tún rántí ni pẹ́ńsùlù wọn. Wọ́n máa ń kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, lẹ́tà wínńtí-wínńtí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́?

Ọdún tí mo ta ìwé yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí wọ́n sì gbé apá kan rẹ̀ wá sí Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá lójoojúmọ́, tí mo bá bi yín pé kí ni Ọ̀yẹ́ fi lókìkí kí yunifásítì tó dé, mélòó nínú yín ló máa dá mi lóhùn? Èmi tí mo jẹ́ ọmọ àdúgbò náà, n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́. Ní 1947, àwọn fadá Ìjọ Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Kevin Carroll ni orúkọ fadá tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò le rárá: dípò kí ṣọ́ọ̀ṣì máa kó ère olójú funfun wá láti òkè òkun, ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, bí àwọn baba wọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n kó agbẹ́gilére jọ, wọ́n kó ahunṣọ àti àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Nínú iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀, àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù jòjòló di ọba Yorùbá, wọ́n dé adé. Màríà di ìyálọ́mọ tí ẹ lè bá pàdé lọ́jà Ìdó.

Ọ̀gá agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni George Bándélé. Bàbá rẹ̀ ni Àrẹògún, ará Ọ̀sì ní ilẹ̀ Ọ̀pìn, tó wà ní Kwara báyìí, kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ má jẹ́ kí ààlà ìpínlẹ̀ tàn yín jẹ, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Nǹkan bí 1880 ni wọ́n bí Àrẹògún, ó kú ní 1954, ọdún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ náà kógbá sílé. Nígbà tó wà láyé, kò sí oníṣẹ́ ọnà tó gbẹ́ igi ní apá ibẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìlá Ọ̀ràngún ní nǹkan bí 1949. Ìran agbẹ́gilére ni, Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: Mùsùlùmí ni Làmídì, ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ń kọ́ ọ níṣẹ́, fadá ló ń sanwó oúnjẹ, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń gbẹ́. Lóde òní tí ẹnì kan kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lórí Facebook kí wọ́n má bá a jà, Ọ̀yẹ́ ti ṣe é ní ọdún tó lé ní àádọ́rin sẹ́yìn, ayé kò sì bàjẹ́.

Làmídì yìí ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀. Ní 2006, UNESCO fi oyè ìṣúra alààyè dá a lọ́lá. Ó kú ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009.

Gbogbo ìtàn yìí, ti Àrẹògún, ti Bándélé, ti Làmídì, ló wà nínú ìwé tí mo tà. Carroll fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. *Yoruba Religious Carving* ni àkọlé rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé Geoffrey Chapman ló gbé e jáde ní London ní 1967, Praeger gbé e jáde ní New York lọ́dún kan náà. Kì í ṣe ìwé tó kàn to ère jọ bí ẹni to ọjà. Ó sọ ẹni tó kọ́ ẹnì kan níṣẹ́, ẹni tó bí ẹnì kan, bí wọ́n ṣe ń gé igi, irinṣẹ́ wo ló kọ́kọ́ ń wọ igi, èwo ló ń kẹ́yìn.

Ibi tí ojú mi ti là

Ní 2014, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Ifẹ̀, ó ń gba ìwé ẹ̀rí. Bí a ṣe ń ya fọ́tò kiri ni a dé ìdí ère Odùduwà. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá kan tó dúró nítòsí pé ta ló ṣe é. Ó ní, "Làmídì Fákẹ́yẹ ni. Ọ̀yẹ́ Èkìtì ló ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ṣé o kò tíì rí ìwé fadá yẹn rí ni?" Ó júwe ìwé náà. Bó ṣe ń júwe rẹ̀ ni ara mi ń tutù. Mo ti rí i rí. Mo ti dì í sínú àpò ìrẹsì rí.

Fóònù tí mo fi owó ìwé yẹn kún, ọdún kan ààbọ̀ péré ló lò, ó bọ́ sínú omi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé nìyẹn. Mo kọ́kọ́ wá ọkùnrin tó rà á, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo lọ sí abẹ́ afárá níbi tí wọ́n ń ta ìwé òkùúta ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Mo bi àwọn tiṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá àgbà kan ní Ìdó mú mi wọlé, ó ní ìwé ọkọ òun wà nínú kọ̀ǹbọ́ọ̀dù. Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ àárín wọn, ẹ̀yìn nìkan ló kù. Tí ẹ bá rí wọn lókèèrè, ẹ máa rò pé wọ́n pé. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, ìyẹ̀pẹ̀ ló ń dà sílẹ̀. Mo wo ojú ìyá náà, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan tún wà tó dùn mí jùyẹn lọ. Mo ra ẹ̀pà lọ́nà Ifàkì, ọmọ tó ń tà á wé e fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà náà, mo rí fọ́tò. Ojú ìwé ìròyìn *Nigeria Magazine* àtijọ́ ni, fọ́tò egúngún Ẹ̀pà ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi Ẹ̀pà wé ẹ̀pà! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ bá ọmọ náà pé ibo ló ti rí bébà yìí. Ó ní ìyá òun ló rà á ní kílò-kílò, ó sì ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ má rò pé ìwé ìròyìn lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó kú ní 1938, òun ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó sí i, wọ́n ń gbé e bọ̀ nínú ìbùsùn àgbérù, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ ń dúró dè é. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti London, British Museum, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn, wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ìlẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní London di òní. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́wẹ̀ sínú ìwé ni Philip Allison, inú ìwé ìròyìn *Nigeria* yẹn náà ló sì kọ ọ́ sí ní 1944. Ó tó ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1998, kí Roslyn Adele Walker tó gbé odindi ìwé aláwòrán jáde lórí ìgbésí ayé Ọlọ́wẹ̀ ní Washington. Ká ní gbogbo ìwé ìròyìn 1944 ni wọ́n ti fi wé ẹ̀pà ńkọ́?

Ṣé àwọn Òyìnbó nìkan ló ń kó irú ìwé yìí jọ ni?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ayàwòrán àti agbẹ́gilére, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ń wá owó dátà." Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1550, ní ìlú Florence ní Ítálì, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Giorgio Vasari kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán ìlú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ló kọ nípa rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ló béèrè. Ó kó òfófó mọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ní 1568 ó tún un ṣe, ó fi àwòrán ojú àwọn ènìyàn náà sí i. Ǹjẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe tẹ àwòrán náà? Igi ni wọ́n gbẹ́, wọ́n fi yíǹkì sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Agbẹ́gi ló ṣe é! Lónìí, ìwé 1568 yẹn wà lára ohun tí àwọn olówó ayé ń du ara wọn sí. Ìdí tí gbogbo ayé fi mọ orúkọ ayàwòrán Florence, tí wọn kò sì mọ orúkọ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìlú mìíràn, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn dá jù. Ẹnì kan ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn kan ló sì tọ́jú ìwé náà.

Àwa náà ní tiwa. Àìná Ọ̀nàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, ya àwòrán ènìyàn bí ẹni yóò sọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn Òyìnbó ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè yà á. Ní 1920 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà. Tí ẹ bá rí ìwé pẹlẹbẹ yẹn nínú àpótí bàbá àgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó pariwo.

Twins Seven-Seven, tí wọ́n bí ní 1944 ní Ògìdì, ní ìhà Kogi lọ́hùn-ún, ya àwòrán iwin àti ẹ̀mí ní Òṣogbo títí orúkọ rẹ̀ fi kan òkè òkun. Ìtàn ìgbésí ayé tí òun fúnra rẹ̀ sọ, tí Ulli Beier bá a ṣètò, jáde ní 1999 ní ìlú Bayreuth ní Jámánì. Ẹ gbọ́ ibi tó ti jáde o: Jámánì. Ìtàn ìgbésí ayé Làmídì Fákẹ́yẹ tí òun náà sọ fúnra rẹ̀ jáde ní 1996, ní Michigan ní Amẹ́ríkà. Ìwé lórí Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, agbẹ́gilére ńlá tí ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí wa, jáde ní 2022 láti ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale. Ṣé ẹ rí nǹkan tí mo ń wí? Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Bayreuth, Michigan, Yale ni ìwé rẹ̀ ti ń jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, n kò bínú sí wọn. Ara wa ni mo ń bínú sí.

Ọmọ Èkìtì kan wà tí inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Délé Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ayàwòrán ni, ó ya ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ó tún jókòó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán mìíràn. Odindi ìwé ló kọ lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olóòtú ìwé ńlá aláwòrán lórí Bruce Onobrakpeya. Ẹ lè má tíì gbọ́ orúkọ Onobrakpeya, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí *The Forest of a Thousand Daemons*, ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968, òun ló ya àwòrán inú rẹ̀.

Bí mo ṣe rí i

Ní 2021, mo rí ẹyọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àtijọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní sọ iye tí mo rà á, ìyàwó mi máa ń ka ojú ewé yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà kò tó owó tí wọ́n fi dì í. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Peckham ló gbà á fún mi, ó gbé e wá nígbà tó ń bọ̀ wálé ọdún.

Nínú ọdún méje yẹn, mo ti kọ́ nǹkan díẹ̀ nípa ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé. Ibẹ̀ ni ọdún àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé máa ń wà. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ló máa ń níye lórí jù. Ẹ wá ka àwòrán inú rẹ̀, kí ẹ fi wé iye tí ìwé fúnra rẹ̀ sọ pé ó yẹ kó wà, nítorí pé àwọn kan máa ń fi abẹ ya àwòrán kúrò láti lọ fi férémù. Bébà aláwòrán tí wọ́n fi ń wé ẹ̀yìn ìwé, tí a máa ń ya sọnù, ẹ má ya á sọnù, ó lè sọ owó ìwé di ìlọ́po. Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé máa ń dín owó kù lọ́jà. Lójú tèmi kò dín nǹkan kan kù, ó kàn ń sọ ibi tí ìwé ti rìn dé ni. Ṣùgbọ́n tí òǹtẹ̀ bá wà, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi hàn pé ilé ìkàwé ti yọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ má lọ ra ohun tí wọ́n jí.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀tá mẹ́ta ni ìwé ní nílé wa: ikán, ọ̀rinrin àti àwa fúnra wa. Ẹ má gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má tì í mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn máa ń pa yíǹkì àti bébà. Tó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Tó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di àwọ̀ pupa rúsúrúsú, á sì jẹ bébà wọlé. Tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹ wé e sínú ọ̀rá kó mọ́ pinpin, ẹ gbé e sínú fírísà tó ń dì dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kòkòrò á kú. Tí àwọn oníná bá gbà fún yín, ìyẹn.

Nǹkan kan tún kù. Ìwé ni mo ní kí ẹ máa kó jọ, n kò ní kí ẹ lọ yọ ìlẹ̀kùn ààfin o. Òfin ti wà láti 1979 tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Tí ẹnì kan bá wá bá ìyá àgbà yín pé òun fẹ́ ra òpó ilé tí wọ́n gbẹ́, ẹ ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ohun tí owó kò lè rà padà

Mo gbé ìwé náà lọ sí Ọ̀yẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe tiṣà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ sí wọn lẹ́nu.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ìwé bàbá rẹ!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ìyẹn ni pé..."

Wọ́n ti ṣí i. Wọ́n ń yí ojú ìwé, wọ́n ń yí i, wọ́n tún padà sẹ́yìn. Wọ́n mú ìwé sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ibo ni ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀ wà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo tà.

Bàbá mi nìkan kọ́ ló kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ni. Lọ́jọ́ Sátidé, tí wọn kò bá lọ sóko, wọ́n á gbé ìwé náà káàkiri. Wọ́n lọ sí Ayédé, wọ́n lọ sí Ìtàjí, wọ́n lọ sí Ìrè, ìlú Ògún tó ni irin tí agbẹ́gilére fi ń jẹun. Wọ́n á fi fọ́tò han àwọn àgbààgbà, wọ́n á béèrè pé, "Ta ló gbẹ́ èyí tó wà nílé yín? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ilé wo ló ti wá?" Ohun tí wọ́n bá sọ, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó bá jọ ọ́. Àwọn agbẹ́gilére tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé Carroll, tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, wọ́n wà níbẹ̀, nínú lẹ́tà wínńtí-wínńtí bàbá mi. Àwọn tó dáhùn ìbéèrè náà ti kú tán. Bàbá mi ti kú. Ìwé náà wà níbì kan, lọ́wọ́ ẹnì kan, bóyá ní Èkó, bóyá ní òkè òkun. Bóyá ẹni náà ti fi ìrésà pa pẹ́ńsùlù rẹ́ kí ìwé lè mọ́, kó lè pa owó.

Mo sọ òtítọ́ fún bàbá náà. Mo ní èmi ni mo tà á, mo sì sọ iye rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Ṣé o ní pẹ́ńsùlù lọ́wọ́?"

N kò ní. Bírò ló wà lápò mi. Wọ́n ní bírò kò dára fún ìwé. Wọ́n rán ọmọ ọmọ wọn sí ṣọ́ọ̀bù kó lọ ra pẹ́ńsùlù wá.

A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n rántí díẹ̀, wọ́n gbàgbé púpọ̀. Ní àwòrán kan, wọ́n fi ìka lé e, ètè wọn ń mì, orúkọ náà wà lẹ́nu wọn, kò jáde. Wọ́n mi orí. "Bàbá rẹ ló mọ ìyẹn." A ṣí i kọjá. Nígbà tí mo fi máa dìde, a ti kọ orúkọ mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, mo ti lọ nígbà mẹ́fà, orúkọ ti di mẹ́tàlélógún. Mo máa ń ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta kó lè wà níbi púpọ̀. N kò ní jẹ́ kó tún wà ní àpótí kan ṣoṣo mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ pé kí gbogbo yín lọ máa fi dọ́là ra ìwé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, kí ẹ tó kó ìwé bàbá tàbí ìyá yín fún ẹni tó ń ra kílò, ẹ ṣí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Ẹ wá pẹ́ńsùlù. Tí ẹ bá ń gbé ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé, ní Ìdó, tí ẹ bá mọ ilé tó ní òpó tí wọ́n gbẹ́, ẹ wọlé, ẹ kí wọn, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Tí ẹ bá dé Ìsàn, ẹ béèrè orúkọ ìyá tó mọ ìkòkò. Kò gba dátà púpọ̀. Lóòótọ́, ó máa gba ọ̀sán Sátidé kan lọ́wọ́ yín.

Bàbá náà ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ní orúkọ tí kò jáde lọ́jọ́ kìíní yẹn ti fẹ́ máa sún mọ́ ètè.